Ìbídùn Inú Ìwé Ìròyìn Kò Jẹ́ Kí Tíṣà Gbéyàwó

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ìfẹ́ le, ẹ ò mọ Dúrótoyè. Tíṣà ni ní ìlú Ara, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ó tínrín débi pé bí atẹ́gùn bá ti apá Ìjerò fẹ́ wá, igi ọsàn ló máa ń dì mú kí ó má bàa gbé e lọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kí ó lọ bi igi ọsàn.

Nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn òmìnira, ohun méjì ló gba ọkàn Dúrótoyè. Ọ̀kan ni Fúnmiláyọ̀ aránṣọ, ọmọ Baba Jacob àgbà ìjọ. Èkejì ni Ìbàdàn. Ìwé ìròyìn kan tó máa ń jáde ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ níbẹ̀ ń tẹ ìtàn rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀. Olóòtú sì ti ṣèlérí pé bí àwọn tó ń kà á kò bá yéé pariwo rẹ̀, òun yóò mú un wá sí Ìbàdàn kí ó wá máa fi ìtàn kíkọ jẹun.

Ìbídùn ni ọmọbìnrin inú ìtàn náà ń jẹ́, Samson awakọ̀ ló sì ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ Ìbídùn? Aránṣọ ni, ó léjí, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Fúnmiláyọ̀ ni tinú tẹ̀yìn, orúkọ nìkan ni Tíṣà pààrọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wa á péjọ síwájú ilé Akínwùmí, akọ̀wé kóòtù, tí yóò máa kà á sókè fún wa. Àwọn tó ń ta ayò pàápàá á gbé ọpọ́n tì. Fúnmiláyọ̀ á gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, á jókòó sẹ́yìn.

“Tíṣà, ìgbà wo ni Samson máa gbé Ìbídùn níyàwó ná?”

“Ó ku díẹ̀, Fúnmi.”

“Díẹ̀ yín yìí gùn ju ọ̀nà Èfọ̀n lọ o.”

Kò lè parí rẹ̀ ni. Olóòtú ti kìlọ̀ fún un pé ta ni yóò ra ìwé ìròyìn nítorí tọkọtaya tó ti jókòó tí wọ́n ń jẹ iyán? Ni Dúrótoyè bá wá ọkùnrin mìíràn jáde: Francis, ọmọ olóko kòkó láti Èfọ̀n, tòun ti mọ́tò. Àdúgbò pín sí méjì. Àwọn ọ̀tayò ń pe ara wọn ní Samson àti Francis. Ẹni tí wọ́n bá pa láyò lọ́jọ́ náà, wọ́n á ní Ìbídùn ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Inú Tíṣà ń dùn, Ìbàdàn ń sún mọ́ tòsí.

Ó wá kọ ọ́ pé Ìbídùn bá Francis lọ sí Ìkọ̀gọ̀sì, níbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù. Wọ́n bu omi mu látọwọ́ ara wọn, wọ́n mulẹ̀ pé àwọn kò ní fẹ́ ẹlòmíì. Lọ́jọ́ tí Akínwùmí kà á, Ìyá Dàda, opó tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tú gèlè sílẹ̀, ó sunkún títí ilẹ̀ fi rọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Àárín ìgbà náà ni Baba Jacob gbà kí Dúrótoyè fẹ́ ọmọ òun. Wọ́n gbé iṣu, oyin, orógbó àti ataare wá, àlùfáà sì bẹ̀rẹ̀ ìkéde ìgbéyàwó. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá mọ ohun tí kò fi yẹ kí wọ́n so wọ́n pọ̀, kí ó wí.

Ìyá Dàda dìde.

“Baba àlùfáà, mo mọ̀ ọ́n. Ọmọ yìí ti bá ọmọ olówó Èfọ̀n mulẹ̀ ní Ìkọ̀gọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, omi á gbé e lọ!”

Ṣọ́ọ̀ṣì hó. Dúrótoyè fò dìde. “Màmá, èmi ni mo kọ ọ́! Orí ara mi ni mo fi rò ó.”

“Èjí rẹ̀ ńkọ́, orí lo fi rò ó?”

“Rárá, mà.”

“Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ńkọ́?”

“Òótọ́ nìyẹn.”

“Ìkọ̀gọ̀sì ńkọ́, kò sí láyé?”

“Ó wà, mà.”

“Èwo ló wá kù tó jẹ́ irọ́?”

Àlùfáà mọ̀ pé ìtàn ni, òun náà kì í jẹ́ kó fo òun. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti wí, ìlànà ìjọ sì ni pé kí wọ́n dúró títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú. Ó pa ìwé dé.

Ní ilé Baba Jacob, bàbá kò tilẹ̀ bínú. “Tíṣà, mo mọ̀ pé àlọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ń nàka sí ọmọ mi lọ́nà odò. Inú ìwé lo ti dè é, inú ìwé náà ni kí o ti tú u.”

“Ẹ jẹ́ kí Samson fẹ́ ẹ,” ni Fúnmiláyọ̀ wí. “Kí ó tán.”

“Bó bá tán, Ìbàdàn ńkọ́?”

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu Tíṣà. Fúnmiláyọ̀ dìde, ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Síbẹ̀ Dúrótoyè kọ ọ́: Francis tú Ìbídùn sílẹ̀, Samson mú òrùka wá. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e dé ilé ìfìwéránṣẹ́ Ìjerò. A dúró de ìwé ìròyìn bí àgbẹ̀ ṣe ń dúró de òjò.

Lọ́jọ́ tí ó dé, òtútù ti gba ohùn Akínwùmí. “Tíṣà, ìwọ tí o bí ọmọ, wá sọ ọ́ lórúkọ.”

Dúrótoyè ṣí i pẹ̀lú ayọ̀, ó ń kà lọ. Lójijì ó fa ìwé náà mọ́ ojú. Olóòtú ti tún ìtàn náà kọ! Ìbídùn wọ aṣọ funfun, Francis wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń lù l'Éfọ̀n.

“Kà á!” ni gbogbo wa ń pariwo.

Ìbá purọ́, ìbá ka tirẹ̀ láti orí, ṣùgbọ́n Akínwùmí ń wo ìwé láti èjìká rẹ̀. Ó kà á tán. A pàtẹ́wọ́. Ìyá Dàda jó dé ojú títì. Wọ́n gbé ọ̀tayò tó ń jẹ́ Francis lé èjìká.

Fúnmiláyọ̀ wá síwájú. “Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?”

“Rárá, Fúnmi. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́.”

“Orúkọ ta ló wà lókè ibẹ̀?”

“Orúkọ mi ni.”

Ó gbé àpótí rẹ̀, ó lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, Baba Jacob ti dá ẹrù ìdána padà, ọmọ rẹ̀ sì ti wà lọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ìdó-Ilé. Dúrótoyè lọ síbẹ̀, wọ́n fún un lómi mu, wọ́n ní kò sí nílé. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún ní yàrá.

Olóòtú tún ránṣẹ́: kò dárúkọ Ìbàdàn mọ́, ó kàn ní kí ó kọ bí ilé ọkọ ṣe rí fún Ìbídùn. Tíṣà mú kálàmù, ó gbé e sílẹ̀. Bí àwọn obìnrin tó ń bọ̀ lódò bá sì kọjá lójú fèrèsé ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á yọjú.

“Tíṣà, ìyàwó Francis ńkọ́, ó ti lóyún?”

“N ò tíì mọ̀, mà,” ni yóò wí.