Ta Ní Ń Pàṣẹ fún Sẹlúùlù?

Bí ẹ bá dé Djègan-Kpèvi ní Àjàṣẹ́ tí ẹ ń bèèrè Souradjou, wọn yóò wò yín bí ẹni tó ṣìnà. Ẹ ní Baba Kílódé lẹ ń wá, ọmọdé pàápàá á mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Adizatou tó ń ta ògì, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni Souradjou ti máa ń jókòó ti ìkòkò ògì. Kí ló dé tó fi ń kan? Kí ló dé tó ń ru láìsí iná lábẹ́ rẹ̀? Ìyá rẹ̀ á ní, "Kílódé, jẹ́ kí ògì mi sinmi jàre!"

Kò pẹ́ nílé ìwé tí bàbá rẹ̀ fi kú. Ó gbálẹ̀, ó gbẹ́ kòtò, kí lìsée kan, ilé ìwé girama, tó gbà á pé kó máa fọ ìgò nínú yàrá ìwádìí tí wọ́n ń pè ní lábò. Ogún ọdún ló fi fọ ìgò.

Madámù Françoise, Agudà, ọmọ àwọn tó ti Bùràsíìlì padà wálé, ló ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ohun ẹlẹ́mìí níbẹ̀. Òun ló fi han Souradjou nínú míkrósíkópù, awò tó ń sọ kékeré di ńlá, pé ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò kì í ṣe ìyẹ̀fun lásán. Ohun ẹlẹ́mìí wínníwínní ni, wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń bímọ. Sẹlúùlù ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lédè Faransé.

"Madámù, kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Ṣúgà ni."

"Ta ní ń bù ú fún wọn?"

Madámù rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n Souradjou yìí kan náà ló rí ohun tí Madámù kò rí. Ó da ìwúkàrà sínú ìgò kan pẹ̀lú ṣúgà oríṣi méjì, ọ̀kan láti ilé oògùn, ìkejì láti ara ọkà tó ti hù. Ó ki rọ́bà oníhò bọ ẹnu ìgò, ó ti ìdí rọ́bà bọ omi, ó wá ń ka ìfóòfó. Ìfóòfó ń jáde, pọ̀, pọ̀, pọ̀. Nígbà tó yá, ó dákẹ́ fún bíi wákàtí kan, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti jẹ ṣúgà tí wọ́n fẹ́ràn jù tán, wọ́n sinmi, wọ́n wá kọjú sí ìkejì, bí ọmọ tó kọ́kọ́ jẹ ẹran inú ọbẹ̀. Àmọ́ ọmọ ní ojú, ó sì ní ahọ́n. Sẹlúùlù kò ní ọ̀kankan. Ta ló wá sọ fún un pé èyí ti tán, kó yá sí ìyẹn? Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí Souradjou gbádùn oúnjẹ mọ́.

Madámù kọ̀wé sí àjọ kan ní Fáránsé tó ń fi owó ran ìwádìí lọ́wọ́, ó sì fi orúkọ Souradjou síbẹ̀ bí igbákejì rẹ̀. Igbákejì! Ẹni tí ń fọ ìgò! Souradjou sunkún lọ́jọ́ náà, kò sì fi pamọ́. Òǹtẹ̀ ìgbìmọ̀ ìyípadà tí ìjọba gbé sí ilé ìwé náà ló kù. Bí ìwé náà kò bá kúrò lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìgbìmọ̀ sì ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fi lábò ṣe yàrá ìpàdé.

Ẹ rántí ìgbà tí a ń sọ o. Ó ti di ọdún kẹta tí àwọn ológun gbàjọba. Rédíò ń pariwo "Ẹhuzu!", pé nǹkan ti yí padà. Gbogbo wa di kamaràdì, ẹlẹgbẹ́ ara wa, àwọn ọ̀dọ́ kan sì gbà pé ìyípadà ti pa "ẹ" rẹ́, "ìwọ" ló kù fún tọmọdé tàgbà. Anselme, alága ìgbìmọ̀ náà, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ Gun ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ Nàgó bí ẹni mumi. Ní Ọjọ́rú, tí Madámù lọ sí Kútọnu, ó ránṣẹ́ pe Souradjou.

"Kamaràdì Souradjou, mo rí i nínú ìwé yìí pé Fáránsé fẹ́ fowó ránṣẹ́ nítorí sẹlúùlù. Kí ni ìwọ àti Madámù ń ṣe fún sẹlúùlù náà?"

"À ń bọ́ wọn ni."

Ẹ gbọ́ ná. Lẹ́nu àwọn ará ìgbìmọ̀, sẹlúùlù kì í ṣe ìwúkàrà. Agbo àwọn tó ń pàdé ní kọ̀rọ̀ láti dojú ìjọba dé ni. Baba Kílódé tó ń bèèrè ohun gbogbo, kò bèèrè èyí rí.

"Wọ́n tó mélòó?"

"Háà, wọn ò ṣe é kà! Láàárín wákàtí méjì, wọ́n á ti di ìlọ́po méjì."

"Níbo lo kó wọn sí?"

"Inú lábò, níbi tó ṣókùnkùn díẹ̀."

Anselme dìde dúró. "Ta ní ń pàṣẹ fún wọn?"

Ojú Souradjou tàn. "Ọlọ́run ló mọ̀! Ohun tí à ń tọrọ owó láti mọ̀ gan-an nìyẹn."

Anselme gbá tábìlì. "Ìwọ bàbá yìí, ṣé o mọ̀ pé sẹlúùlù ni wọ́n ń pe yàrá ẹ̀wọ̀n náà?"

Ìgbà yẹn ló tó yé Souradjou pé ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ẹ̀rù bà á nítorí Madámù, ó bà á nítorí ìgò rẹ̀. "Kamaràdì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá wò wọ́n. Bí ẹ bá rí wọn tán, ẹ tì mí mọ́lé."

Nínú lábò, Anselme fi ojú kan míkrósíkópù, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Àwọn wọ̀nyí náà ni?"

"Àwọn náà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ojú sì tì í. Kò lọ ṣá. Ìgò tí Souradjou gbé kalẹ̀ láàárọ̀ yẹn ṣì ń yọ ìfóòfó, àfi lójijì tó dákẹ́.

"Wọ́n ti kú?"

"Ẹ ní sùúrù."

Wọ́n wá pe Anselme sí ìpàdé, ó ní kí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé tábìlì, ó ń wo omi. Ó pẹ́ títí. Nígbà tó yá: pọ̀.

"Baba! Baba, ẹ wá wò ó, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀!"

Kò tilẹ̀ mọ̀ pé "ẹ" ti padà sẹ́nu òun. Ó yọ òǹtẹ̀ lápò, ó fẹ́ èémí sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé náà. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ "ti ìwúkàrà" tẹ̀lé sẹlúùlù, kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ má baà ṣìnà bíi tirẹ̀.

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Ìpàdé wa, a ó wá ibòmíràn. Ẹ má gbé ìgò yẹn kúrò níbẹ̀ o." Kò tíì lọ. "Baba, kí ló dé tí wọ́n fi dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

Láti ọjọ́ tí Adizatou ti bí Souradjou, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹlòmíràn máa bi í ní kílódé.