Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Lísìtì

Maṣíìnì mi tẹ orúkọ ọmọ tó ti kú jáde lónìí. Ìgbà ogún.

Àǹtí tíṣà kan láti Raji Rasaki Estate ló gbé PDF wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Festac. Sàtífíkéètì ogún ọmọ nọ́sìrì ni. Lísìtì orúkọ wọn wà lọ́tọ̀, maṣíìnì á máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lójú kọ̀ǹpútà, kò sí wàhálà. Àmọ́ nígbà tí bébà jáde, orúkọ kan náà wà lábẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ó rí fẹ́ẹ́rẹ́ bí òjìji: Toluwanimi.

Mo wo lísìtì. Kò sí Toluwanimi níbẹ̀.

Àǹtí rí i, ó já bébà náà gbà lọ́wọ́ mi.

"Bọ̀dá, ta ló sọ orúkọ yẹn fún yín?"

"Inú fáìlì yín ló ti jáde, mà."

Ó ní ọmọ kíláàsì òun ni Toluwanimi, orúkọ rẹ̀ lòun fi ṣe àpẹẹrẹ nígbà tí òun ń ṣètò fáìlì. Oṣù tó kọjá lọmọ náà kú.

"Mo ti yọ ọ́ kúrò!"

"Ẹ ò yọ ọ́, mà. Ẹ kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ bó ṣe máa dùn ún tó. Àǹtí bú sẹ́kún.

Mo pa orúkọ náà rẹ́, mo flatten fáìlì kí gbogbo ẹ̀ di ojú kan ṣoṣo, kí nǹkan kan má fara pa mọ́ lábẹ́ mọ́, mo sì tún un tẹ̀. Ó jáde ní mímọ́. Ó ní kí n fa ti àkọ́kọ́ ya.

Mo ti fa mọ́kàndínlógún ya. Ó ku ọ̀kan, ọwọ́ mi kọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ lè fà á ya?