Àwo Kejì

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ìkìrun máa ń lẹ bébà mọ́ àárín àwo orin wọn, kí àlejò má baà ka orúkọ olórin. Àwo kéékèèké ni wọ́n ń kó jọ, orin sóòlù àtijọ́ láti Amẹ́ríkà, orin ijó. Wọ́n á ní, "Orin tí gbogbo èèyàn bá ti ní, ariwo ni."

Bí àgbàlagbà kan bá kú ní Ìnísà tàbí Òkukù, wọ́n á tètè lọ kí opó rẹ̀, ojú wọn á sì máa wá àpótí àwo.

Lọ́jọ́ kan, èmi ni mo fi mọ́tò gbé wọn lọ sí Òkukù. Opó ibẹ̀ gbé àwo kan jáde. Irú ẹ̀ ti wà nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, síbẹ̀ wọ́n gbà á.

Opó náà ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Òun lèmi àti ọkọ mi jó níjọ́ ìgbéyàwó wa."

Wọ́n fi orúnkún ṣẹ́ ẹ sí méjì lójú ẹ̀. "Ẹ má bínú, màmá. Ó ku tèmi nìkan báyìí."

A délé, wọ́n gbé tiwọn sórí ẹ̀rọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Mo ń gbàdúrà kí wọ́n fẹsẹ̀ kọ. Wọn ò kọsẹ̀. Ijó náà dùn ún wò. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè dárí ẹ̀ jì wọ́n.