Ẹ̀ka Bẹ́rì Tún-un-wọ̀n

Gbogbo àdúgbò ló ń pe télọ̀ yẹn ní Tún-un-wọ̀n, nítorí kò ní gé aṣọ kankan láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tún un wọ̀n. Oníbàárà á dúró títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé wàhálà náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gba lẹ́búlẹ́bú lára òdòdó bẹ́rì dúdú, èso wẹ́wẹ́ ilẹ̀ olótùútù, ó fi kan òdòdó bẹ́rì pupa, ó sì gbin kóró èso tó jáde. Ẹyọ kan ṣoṣo ló hù. Orúkọ ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ sọ bẹ́rì tuntun náà, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ fún un. Ọjọ́ tí ìyàwó bá kọ́kọ́ tọ́ èso rẹ̀ wò ló máa gbọ́. Àṣírí yìí ń dùn mọ́ bàbá arúgbó bí ọmọdé.

Bẹ́rì ò kánjú. Ẹ̀ka tó bá yọ lọ́dún yìí, ewé lásán ni. Ọdún kejì ló ń so. Ẹ̀ka mẹ́ta yọ. Òtútù dé, gbogbo ewé rẹ̀ dànù, wọ́n wá dà bí igi gbígbẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu bàbá, ó gba ẹsẹ̀, ó gba ọwọ́ kan, ó sì gba ohùn. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn ò bi ẹni náà bóyá ó wù ú kó dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó lójú fèrèsé, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ń tún ẹ̀yìnkùlé ṣe kí inú ọkọ lè dùn. Àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé aṣọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gé ọ̀kan nínú ẹ̀ka bẹ́rì mẹ́ta náà. Ó gé ìkejì. Òmíràn lè yọ, àmọ́ ọdún méjì ni kó tó so, ọdún méjì ò sì dá bàbá lójú mọ́. Ó fẹ́ pariwo, èémí lásán ló jáde, omijé bá bọ́.

Ìyàwó sáré wọlé. "Bàbá àwọn ọmọ, kí ló dé? Àbí torí àlùmọ́gàjí yín ni? Ẹ jọ̀ọ́, màá nù ún. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kó kan nǹkan míì yàtọ̀ sí aṣọ."

Ó nu ojú ọkọ rẹ̀. Bàbá kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ, ó gbé ọwọ́ tó kù sókè, ó nà án sí ẹ̀ka tó kù níta.

Ìyàwó wo ibẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Háà, Tún-un-wọ̀n mi! Àìsàn ò mà rí ojú yín gbà o. Òótọ́ ni, ó ṣẹ́ ku ọ̀kan."

Ó mú àlùmọ́gàjí, ó jáde.