Ìwé Kan Péré Láti Ẹ̀fọ̀n

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa lọ́jọ́ Ajé tó kọjá tí mo fi dé gáréèjì Ìjerò, inú sì ti ń bí mi. Ìyá mi ló fa ìrìn àjò náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́ láti ọdún méjì. Láti ìgbà náà kò jáde nílé. Kódà kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fa òun lọ́wọ́ kiri. Ìtàn tí mo ń kà sí i létí ní ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń dá a lára yá, a sì ti ka gbogbo ìwé inú ilé wa ní àkàtúnkà. Lọ́jọ́ Àìkú, bí mo ṣe ṣí èyí tí ìyàwó kan ti sá kúrò nílé ọkọ, ó yíjú sí ògiri.

"Mo mọ̀ pé yóò padà. Gbé e kúrò."

Kò tún bá mi sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi sùn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Bí ìyá mi kò bá jáde, tí kò sì tún sọ̀rọ̀, kí ló wá kù?

Awakọ̀ ní èrò kan ló kù kí ọkọ̀ kún. Wákàtí kan gbáko la fi dúró de èrò kan yẹn. Mo san ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà dé Aràmọkọ, wọ́n sì fún mi mọ́ àárín ọkùnrin méjì tó gbé àpò gàrí lé ẹsẹ̀. Kòtò ọ̀nà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tòògbé. Nígbà tí awakọ̀ gbọ́ pé ìwé ìtàn ni mò ń wá lọ, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ fẹ́ ṣe ìdánwò ni, màmá?"

Aránṣọ ni mí, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. 

Ilé ìtàwé mẹ́ta ni mo wọ̀ ní Aràmọkọ. Ìwé orin, ìwé àdúrà àti ìbéèrè ìdánwò ló kún inú wọn. Nínú ẹ̀kẹta, mo ní kí ọkùnrin tó ń tajà fún mi ní ìtàn àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, ti ìfẹ́, ti ọ̀daràn, ti iwin, ohunkóhun tí mo bá ṣáà ti lè rí. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Èyí tó wà nínú ìdánwò ọdún yìí nìkan la ní. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, ta ni yóò rà á?"

"Níbo wá ni wọ́n ń kó o sí?"

Ó fi ẹnu júwe alákàrà tó wà ní òdìkejì títì.

Ebi ń pa mí, mo ra àkàrà ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Ojú ìwé kan ni obìnrin náà fi wé e. Mo kà á: ọkùnrin kan fọ́ dúrọ́ọ̀ olóògbé kan, ó sì bá fọ́tò ara rẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ló parí sí! Mo ra àkàrà mìíràn nítorí ojú ìwé tó kàn, lẹ́tà ìfẹ́ láti inú ìwé mìíràn ni mo rí. Mo rà á lẹ́ẹ̀kẹta, ìṣirò ni. Mo wá dúró sínú oòrùn, àkàrà kún ọwọ́ mi, mo fẹ́ẹ̀ sunkún.

"Ùwé tí òjò pa ni," alákàrà sọ. Ùwé ni àwa Èkìtì ń pe ìwé. "Láti ulé tíṣà àgbà kan l'Ẹ́fọ̀n ni wọ́n ti kó o wá. Ó ṣì kù níbẹ̀ o."

Bí mo ṣe tún wọkọ̀ nìyẹn. Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ń gun òkè lọ, ọkọ̀ wa gbóná, ẹ̀ẹ̀mejì la sì dúró kí awakọ̀ bu omi sí i. Nígbà tí mo dé ilé tíṣà náà, ìyàwó ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ kí n sọ ohun tí mo bá wá, àfi kí n kọ́kọ́ jẹun. Ní Ìjerò, tí àlejò bá ní òun ti yó, a máa ń gbà á gbọ́. Lẹ́yìn àkàrà tí mo rà lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún jẹ iyán!

Tíṣà arúgbó náà wá ṣí àpótí mẹ́rin. Ó kọ orúkọ sí wọn lára: ayé òyìnbó, ayé òmìnira, ayé ológun, ayé fóònù. Ìtàn ìfẹ́, ti olè, ti iwin àti ti ẹ̀fẹ̀ ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn, mo ṣí báàgì mi kalẹ̀.

"Ìwé kan péré," ni ó wí.

Mo fi ojú ìwé àkọ́kọ́ tí alákàrà fún mi hàn án, mo ní èyí ni mo fẹ́. Ó já a gbà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi etí aṣọ rẹ̀ nu epo ara rẹ̀.

"Àpótí kẹta lèyí. Láti inú èkíní lo ti máa bẹ̀rẹ̀. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni fo kíláàsì."

"Bàbá, mo ti lé ní àádọ́ta ọdún!"

"O pẹ́ kí o tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Kò tán síbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ìyá mi ni mo fẹ́ kà á fún, ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, òun yóò bi wá ní ìbéèrè mẹ́wàá kí òun tó yá wa ní òmíràn. Ẹni tó gbọ́ ìtàn náà ni kó sì wá dáhùn fúnra rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ìyá mi kò ríran, kò sì ń jáde. Ó ní ẹnu ni wọ́n fi ń dáhùn ìbéèrè, kì í ṣe ojú. Mo fi ìbínú gba ìwé náà, mo sì kùn dé Ìjerò. Odidi ọjọ́ kan, owó ọkọ̀, ọrùn tó ń ro mí, nítorí ìwé kan tí kò ní ní ìkejì.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ṣì kọjú sí ògiri. Mo jókòó tì í, mo sì ro ẹjọ́ tíṣà náà fún un tìbínú-tìbínú. Ó yíjú padà.

"Ìbéèrè mẹ́wàá? Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún bi ọmọ ọlọ́mọ ní ìbéèrè? Kà á."

Mo bẹ̀rẹ̀. N kò tíì ka ojú ewé kan tán tó fi dá mi dúró.

"Padà sẹ́yìn. Kí ni wọ́n pe àbúrò ọkọ rẹ̀? Ó lè béèrè." Lẹ́yìn náà ló ní, "Bàtà dúdú mi dà?"

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti fà á jáde, eruku ọdún méjì ti bò ó. Mo ń nù ún, mo ń kùn nípa ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n tí mo tún máa gùn, omijé sì ń kán sórí bàtà.

"Kí lo ń kùn sí?" ni ìyá mi wí. "Máa ka ìwé lọ."