Ológbò Tí Wọ́n Ní Mo Pa

Ọjọ́ tí ológbò àgbà ilé ìkẹ́rùsí kú ni orúkọ rere mi kú ní Atakpamé. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ẹni tó lè dá a padà fún mi ṣì wà láàyè.

Ayé àwọn Faransé ni. Òyìnbó kan, tó ń ra òwú àti àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Datcha àti Akparé, gbà mí láti máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀, kí n sì máa tọ́jú ológbò tó ń pa eku níbẹ̀. Abo ni, ó ti darúgbó, eyín rẹ̀ ti ká. Bí ọyẹ́ bá dé, ọ̀fìnkìn a dí i nímú. Ológbò tí kò bá gbóòórùn kì í jẹun, ebi ló sì máa ń pa á kí àìsàn tó pa á. Nítorí náà, n ó fi òwú tí mo rẹ sínú omi nu imú rẹ̀, n ó gbé omi gbígbóná tí mo fi ewé efinrin sí kalẹ̀ nítòsí rẹ̀ kí ooru lè là á nímú, n ó sì yan ẹja gbígbẹ kí ó lè ta sánsán. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń la ọyẹ́ já.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ ojú irin gbé ọmọ ológbò kan wá fún ọ̀gá láti Lomé. Sísín ló ń sín. Bí a ti ń so adìẹ tuntun lọ́tọ̀ títí a ó fi rí i pé ara rẹ̀ dá, bẹ́ẹ̀ ni mo so ó sí ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ. Mo bẹ Akakpo, alásè ọ̀gá, pé kó fún un ní àwo tirẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, èmi tí mo ń sè é, inú ìkòkò ni mo ti ń jẹ. Ológbò ló wá ń bèèrè àwo méjì?"

Mo lọ sìnkú ní Datcha. Nígbà tí mo dé, Akakpo ti tú ọmọ náà sílẹ̀ kí ó má baà fọ àwo méjì. Àwọn méjèèjì ti jọ ń jẹun pọ̀. Kò pẹ́ tí àyà ológbò àgbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún, tí ipin sì lẹ ojú rẹ̀ pa. Mo gbé omi efinrin wá, mo yan ẹja. Kò jẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ooru náà ló kú sí.

Ọ̀gá bi Akakpo léèrè ní Faransé, èdè tí n kò gbọ́. Akakpo dáhùn, ó wá yíjú sí mi.

"Mo sọ fún ọ̀gá pé ooru ewé rẹ ló pa á. Má bínú, àbúrò. Mo ní ọmọ nílé."

"Èmi ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?"

Ọ̀gá nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà fún mi.

Iṣẹ́ náà kọ́ ló ń dùn mí. Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í bá ẹni tó pa ológbò jẹun nínú àwo kan. Láti ìgbà náà, níbi ìgbéyàwó, níbi òkú, níbi àjọ̀dún ìjọ, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ mi wá.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, Akakpo, tó ti di àgbà ìjọ wa, gbé ológbò tirẹ̀ tó ti darúgbó wá sílé mi nínú agbọ̀n. Imú rẹ̀ ti dí.

"Àbúrò, gbà mí."

"Ẹ kọ́kọ́ sọ òtítọ́ lójú ìjọ, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn."

Ológbò náà sín. Òun kò ṣẹ̀ mí. Mo tọ́jú rẹ̀ títí ó fi jẹun. Nígbà tí Akakpo padà wá gbé e, oúnjẹ ni mo ń jẹ lọ́wọ́. Mo ti àwo náà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mo ti yó," ni ó wí. Ó wo òréré bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ.

Nínú gbogbo ará Atakpamé, òun nìkan ló mọ̀ dájú pé èmi kọ́ ni mo pa ológbò náà. Òun náà kò sì bá mi jẹun.