Ìkòkò Tíì Tó Jìn Níkùn

"Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹ ò tún ikùn ìkòkò tíì yìí ṣe?"

Ọmọ kékeré ni ọmọbìnrin náà nígbà tó béèrè, ohùn rẹ̀ kò sì ju ti ẹ̀fọn lọ. Bàbá àgbà kàn wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Bàbá Dídán ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Bóyá nítorí àwo fàdákà tó ń tún ṣe ni o, bóyá nítorí iwájú orí rẹ̀ tó yọ gòǹgò tó sì ń dán ni, a ò mọ̀. Bí wọ́n bá gbé abọ́ àtijọ́ wá, yóò dojú rẹ̀ dé, yóò wo àwọn àmì kéékèèké ìdí rẹ̀, yóò sì sọ ẹni tó rọ ọ́ àti ọdún tó rọ ọ́, àfi bí ẹni ń kì í ní oríkì. Lẹ́yìn náà ni yóò ki irin olórí roboto sínú rẹ̀, yóò máa fi òòlù igi lù ú jẹ́jẹ́ títí ibi tó jìn yóò fi yọ padà.

Ṣùgbọ́n ìkòkò tíì tirẹ̀ ńkọ́? Ó ti dàgbà ju bàbá tó bí i lọ. Fàdákà gidi ni, tí wọ́n po bàbà díẹ̀ mọ́ kó má baà rọ̀ jù. Ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ igi dúdú, òdòdó gbígbẹ́ sì yí ọrùn rẹ̀ ká. Síbẹ̀, ikùn rẹ̀ jìn bíi ti ẹni tí kò jẹun lánàá, orí pẹpẹ ìsọ̀ ló sì jókòó sí gbangba.

"Ẹ ń dójú tì mí," Ìyá àgbà á ní. "Télọ̀ tí ṣòkòtò rẹ̀ ya nídìí! Ẹ dúpẹ́ pé èmi kì í ju nǹkan lu èèyàn."

"Ṣé ìdí tìrẹ ló ya ni?" Bàbá àgbà á fèsì.

Ọmọ náà dàgbà, ó wọ ilé ìwé gíga. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan gbé abọ́ ṣúgà wá, ó tajú kán rí ìkòkò náà, ó sì tún abọ́ rẹ̀ dì padà.

"Ẹni tó máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò," ló wí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ni Ìyá àgbà bá gbá òòlù mú. "Oníbàárà ti ń sá! Lónìí, bí ẹ ò bá tún un ṣe, èmi á tún un ṣe!"

Bàbá àgbà gbá ìkòkò mọ́yà bí ọmọ jòjòló. Ọmọbìnrin náà bọ́ sáàárín wọn. "Bàbá àgbà, ẹ ò tíì dá mi lóhùn o."

Bàbá ṣí fìlà, ó gbé ibi tó jìn náà lé iwájú orí rẹ̀. Ó bá a mu rẹ́gí, bí ọmọrí ṣe ń bá ìkòkò mu.

"Láti ọdún tá a fẹ́ra ni ìyá rẹ àgbà ti ń sọ pé òun kì í ju nǹkan lu èèyàn. Tí mo bá tún un ṣe, ta ni yóò jẹ́rìí mi?"